Kí Jagunlabí Tó Mú Òrìṣà

Ẹdẹ,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ṣọlá ọmọ mi, Àkànní,

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi lo kọ̀wé sí. Ìyá rẹ lo kọ ọ́ sí, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára àpò ìwé náà gàdàgbà. Má wulẹ̀ bínú sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, nídìí maṣínì ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó ká a, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ọ̀rọ̀ ilé yín nìyí. Ìwó ni wọ́n ti bí èmi, alùfáà mùsùlùmí ni bàbá mi. Kí ni mo mọ̀ nípa òrìṣà? Ẹ̀yin ni kí ẹ dá ọmọ yín lóhùn."

Láti ọjọ́ náà, n kò lè jókòó. Mo ti gé koríko iwájú ilé tí kò tíì hù. Mo ti tún ẹsẹ̀ àga tí kò mì ṣe, ó ti wá ń mì báyìí. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe olùkọ́, tí wọ́n wá ní kó máa lọ sílé lójijì, tí kò sí ọmọ kan tí yóò pariwo mọ́ láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ìyá rẹ ní bí n kò bá jókòó kọ ìwé yìí lónìí, òun yóò fi abẹ́rẹ́ rán mi mọ́ àga.

Ó dára. Mo ti jókòó.

O ní ìwọ àti àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ ń gbé ní Jos máa ń ṣe eré kan lọ́sàn-án Sátidé. O ní èyí tó kàwé lókè òkun nínú wọn ló mú un bọ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù ńbẹ̀, kò sí ọpọ́n ayò. Ẹ kàn máa jókòó yí tábìlì ká ni, kálukú á sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn. Ẹnì kan á máa darí eré, á máa sọ ohun tí ẹ bá pàdé lọ́nà, ìbáà ṣe iwin, ìbáà ṣe ọlọ́ṣà, ẹ ó wá ju ọmọ lúdò olójú púpọ̀ kan láti mọ̀ bóyá ẹ yè é tàbí ẹ kò yè é. O ní ọdẹ ni tìrẹ, Jagunlabí lo sọ ọ́. Ó ní ọrun, ó ní ajá. O ní gbogbo ẹni tó wà nínú eré náà gbọ́dọ̀ ní òrìṣà tó ń sìn, pé ẹ ti kọ àwọn ti òyìnbó tó wà nínú ìwé wọn, tiwa lẹ fẹ́ lò. O wá ń béèrè bóyá Ṣàngó ni kí Jagunlabí mú, nítorí pé ọmọ Ẹdẹ ni ọ́, àbí Ògún, nítorí pé ọdẹ ni.

Mo kọ́kọ́ bú sí ìbínú. Mo ní, "Àgbàlagbà tó fẹ́ gbéyàwó ló ń ṣe eré ojú àlá!" Ìyá rẹ kò gbójú sókè nídìí maṣínì. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ayò pẹ̀lú Lásisì lójoojúmọ́ títí tó fi ń di ìjà ńkọ́?"

Kì í ṣe eré náà ló gún mi, Ṣọlá. Ìsàlẹ̀ ìwé rẹ ni. O ní kí ìyá rẹ ránṣẹ́ sí Kọ́lá àbúrò mi ní Awo, kó múra, pé òun ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá rẹ lọ́jọ́ ìdána ìwọ àti Láyọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́.

A ó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ òrìṣà lo béèrè, ọ̀rọ̀ òrìṣà ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, bí pásítọ̀ wa bá rí ìwé yìí, n kò mọ ohun tí n ó wí. Ṣùgbọ́n Ṣàngó ni bàbá tó bí mi bọ títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀, n kò sì ní torí pé mo ṣèrìbọmi kí n wá máa ṣe bí ẹni pé ojú ọ̀run ni mo ti já bọ́.

Èkíní. Má ṣe torí agbára mú òrìṣà. Èmi náà ti ṣe irú eré yín yìí rí. Àbí o rò pé òyìnbó ló dá a sílẹ̀? Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi àti Lásisì tí o mọ̀ yìí, àti Joẹ́lì tí Ọlọ́run ti pè, a máa ń ṣe òrìṣà lẹ́yìn àká àgbàdo ìyá mi, lọ́nà odò Ọ̀ṣun. Mo ní èmi ni Ṣàngó. Ta ni yóò bá mi dù ú? Ilé wa ni wọ́n ti ń bọ ọ́. Lásisì, ọmọ ilé kéwú, ní òun ni Ògún, nítorí pé àdá bàbá òun ló mú jù ní gbogbo àdúgbò. Ó wá ku Joẹ́lì. A ní kó ṣe Ọbàtálá. Ńṣe lọmọ náà bú sẹ́kún.

"Kí ni Ọbàtálá lè ṣe?"

Lásisì ní, "Ó lè jókòó."

A rẹ́rìn-ín títí. A fi aṣọ funfun ìyá rẹ̀ wé e, a gbé e ka orí òkúta kan, ó jókòó síbẹ̀, ó ń fa imú.

Lọ́jọ́ kan, nígbà ìsinmi ilé ìwé, a rí kèrègbè ẹmu tí adẹ́mu kan gbé pamọ́ sábẹ́ igi. A gbé e. Ṣàngó mu, Ògún mu. Nígbà tí Joẹ́lì nawọ́, a gbá a lọ́wọ́. "Èèwọ̀! Ọbàtálá kì í mu ẹmu!" Ibi kan ṣoṣo tí a ti rántí èèwọ̀ ẹnikẹ́ni nìyẹn, nítorí pé ó jẹ́ kí tiwa pọ̀ sí i.

Ẹmu gùn mí. Mo rántí elégùn tí mo rí níbi ọdún Ṣàngó, bó ṣe ń yọ iná lẹ́nu tí gbogbo ènìyàn ń ṣe hà. Mo yọ́ wọlé, mo gbé kẹrosíìnì, mo bu ún sẹ́nu, mo gbé igi tó ń jó sókè, mo fẹ́ ẹ. Iná yọ lóòótọ́ o! Ó kọ́kọ́ jó irun ojú mi. Lẹ́yìn náà ló fò mọ́ koríko àká ìyá mi.

Ògún ló kọ́kọ́ sá. Ó sá tòun tàdá. Ṣàngó dúró sójú kan, ó ń ké pé, "Yéè, ìyá mi o!" Ọbàtálá tí a kò fún lẹ́mu ló bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn, ó sáré rì í bọ odò, ó wá ń fi na iná náà títí àwọn àgbà fi dé. Ìdajì àgbàdo jóná. Bí kì í bá ṣe ti Joẹ́lì, gbogbo rẹ̀ ni ì bá lọ, ebi ì bá sì pa wá lọ́dún náà.

Mo ti ń retí pàṣán. Bàbá mi kò mú pàṣán. Wọ́n pè mí sẹ́bàá ògiri.

"Ìwọ ni Ṣàngó?"

"Ẹ dákun, Bàbá."

"Mo ní ṣé ìwọ ni Ṣàngó. Kí ni èèwọ̀ rẹ̀?"

N kò mọ̀ ọ́n. Mo mọ oṣé, mo mọ edùn àrá, mo mọ iná ẹnu, ṣùgbọ́n n kò mọ èèwọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ní, "Ṣàngó kì í jẹ ẹ̀wà sèsé. Kì í jẹ obì, orógbó ni tirẹ̀. Kò gba irọ́, kò gba olè. Ẹmu ta lẹ mu?" Mo wolẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Èèwọ̀ rẹ̀ lo kọ́kọ́ jẹ kí o tó gbé iná rẹ̀ sẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ mú òrìṣà, èèwọ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá lè pa á mọ́, kó fi òrìṣà olórìṣà sílẹ̀."

Ohun tí kò sí nínú eré yín nìyẹn, Ṣọlá. O to agbára kalẹ̀ nínú ìwé rẹ bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Ṣàngó ń fúnni ní iná, Ògún ń fúnni ní irin, Ọ̀ṣun ń wo àìsàn, Ọ̀sanyìn ń sọ ewé di oògùn. N kò rí èèwọ̀ ẹyọ kan. Òrìṣà tí kò ní èèwọ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí àwòrán ara kàlẹ́ńdà? Sọ fún ẹni tó ń darí eré pé bàbá rẹ ní kí kálukú kọ́kọ́ dárúkọ èèwọ̀ òrìṣà rẹ̀ kó tó gba agbára, ọjọ́ tó bá sì jẹ ẹ́, kí agbára náà fò lọ. Kí ebi ti máa pa Jagunlabí nínú igbó fún ọjọ́ pípẹ́, kó wá bá ìkòkò ẹ̀wà sèsé lórí iná. Ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ̀ bóyá ó ní òrìṣà tàbí kò ní. Eré yín yóò dùn ju ti òyìnbó lọ.

Mo dìde díẹ̀, mo ti padà. Òjò ló ṣú. Bí mo ṣe kọ "òrìṣà olórìṣà" yẹn tán ni àrá sán gbàà lókè ilé Lásisì, ẹnu mi sì ti ń sọ pé "Káwòó..." kí n tó rántí pé díákónì ni mí. Mo fi ikọ́ parí rẹ̀. Ìyá rẹ ní, "Ẹ parí ẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò yín." Obìnrin yìí yóò pa mí.

Èkejì. Ẹ má ṣe fi ẹni tó kọ̀ láti mú òrìṣà ṣẹ̀sín. O kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà pé ọ̀kan nínú yín jẹ́ mùsùlùmí, pé ó ní jagunjagun tòun kò ní sin òrìṣà kankan, pé ẹ wá ń pè é ní aláìníbaba nínú eré. Ẹ yé e. Nígbà tí bàbá Lásisì gbọ́ pé ọmọ òun ń ṣe Ògún, ẹgba tó jẹ lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tó padà wá bá wa, ńṣe la ń fi í rẹ́rìn-ín, la ń pè é ní Ògún tó sá. Odindi ọdún kan ni kò fi bá wa ṣeré mọ́. Ọpọ́n ayò ló tún dá wa pọ̀. Títí di òní, bí ó bá ń jẹ mí nínú ayò, mo máa ń pè é ní Ògún tó sá, òun náà á sì ní, "Ṣàngó aláìnírunlójú, ta á jàre!" A ti dàgbà báyìí, a lè fi ṣeré. Nígbà tí kò tíì san, ọgbẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta, èyí kò sì jìnnà sí èkíní. Má ṣe gbé òrìṣà gbígbóná fún ẹni gbígbóná. O ní Jagunlabí kì í gba ìwọ̀sí, pé ẹni tó bá fojú di í, ọfà ló máa fi dá a lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ta lo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ìwọ ni! Èmi ni! Kẹrosíìnì ti wà lẹ́nu rẹ̀, o tún ń wá igi tó ń jó fún un. Ohun tí ènìyàn kò ní ló yẹ kó máa wá lọ sọ́dọ̀ òrìṣà. Bí o bá ń wá ohun tí Jagunlabí kò ní, béèrè lọ́wọ́ Láyọ̀. Ẹni tí yóò fẹ́ ọ ti mọ ohun tí o kò ní, kò kàn tíì sọ ọ́ ni.

Nígbà tí mo ti dárúkọ rẹ̀, jẹ́ kí n sọ èyí náà, kò ní nọ́ńbà. Ìyàwó náà ní èèwọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ni mò ń sọ. Ohun kan wà tí ìyá rẹ kò lè gbà láyé yìí, ìyẹn ni kí n máa fi ẹ̀yìn dá a lóhùn, kí n máa jáde lọ nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo rò pé owó oúnjẹ ló ń bí i nínú, mo rò pé ìdílé mi ni. Béèrè ti Láyọ̀ nísinsìnyí tí ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu yín méjèèjì. Kó bi ìwọ náà, kí o sì sọ òtítọ́.

Òjò ti dá. Mo lọ wo ẹnu géètì, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ta ni mò ń retí gan-an?

Ṣọlá, jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ Ìbàdàn.

Ìwọ náà rántí bí nǹkan ṣe rí. Ó ti tó ọdún méjì tí o ti jáde nílé ìwé gíga, kò síṣẹ́. Ìlú le koko. Èmi tí mo yẹ kí n gbè ọ́ lẹ́yìn, wọ́n ti ní kí n máa lọ sílé. Mo wá rántí ọmọ tí mo kọ́ ní a-bí-dí, tó di ọ̀gá sójà. Mo ní kí a lọ bá a ní Ìbàdàn. Mo wọ agbádá mi. Wọ́n ní kí a lọ jókòó lẹ́yìnkùlé láàárín àwọn tó wá tọrọ ṣúgà àti mílíìkì. Oòrùn pa wá. Nígbà tó jáde tí mo ń tẹ̀ríba fún un, o dìde. O ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níwèé." O sì jáde.

Mo lé ọ bá lẹ́nu géètì. Lójú mi, ìwọ lo fi mí wọ́lẹ̀, kì í ṣe òun. Níwájú àwọn sójà, níwájú gbogbo àwọn tó ń tò fún ṣúgà, mo la ẹnu, mo ní, "Lọ wá bàbá mìíràn!"

O dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà, o dìde, o lọ. Mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi láti ìgbà náà. Iná yọ lẹ́nu mi, kò jó ọ̀gá sójà, kò jó ẹni tó jẹ́ kí a jókòó sínú oòrùn. Àká tiwa ló fò mọ́.

O wá bàbá mìíràn lóòótọ́. O rí i ní Awo.

N kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí wọra. Kọ́lá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Orí irin kẹ̀kẹ́ mi ni mo máa ń gbé e sí lọ sí ilé ìwé. Bí ó bá dúró fún ọ, yóò dúró dáadáa, kò ní pariwo, kò ní bá àwọn àna jiyàn lórí iye iṣu. Ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú! Ọjọ́ méjì ni mo fi ń sọ fún ìyá rẹ pé kí ó lọ ṣe ìdána náà pẹ̀lú Kọ́lá, pé n kò ní fẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ kẹta ló dá maṣínì dúró.

Ó ní, "Ṣé ẹ rántí ìdána tiwa?"

Bí o kò bá gbọ́ ọ rí, gbọ́ ọ lónìí. Bàbá ìyá rẹ kò wá. Alùfáà ni wọ́n, wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní fẹ́ ọmọ oníṣàngó tó di onítẹ̀bọmi, pé ẹ̀sìn méjèèjì kò dára lójú àwọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ló dúró. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ìyá rẹ á yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo rí i. Mo rò pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ó ní, "Bàbá Ṣọlá, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa wo ẹnu ọ̀nà." Ó tún tẹ maṣínì rẹ̀ padà.

Nígbà tí iná àká yẹn kú, bàbá mi sọ ìtàn kan fún mi, n ó sọ ọ́ fún Jagunlabí kó lè rí nǹkan gbé lọ́wọ́. Wọ́n ní Ọbàtálá gbéra láti lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Lọ́nà, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un, ó ní kí òun fà á lọ fún olówó rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ Ṣàngó bá a lójú ọ̀nà, wọ́n ní olè ni, wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Baba arúgbó náà kò wí nǹkan kan. Òjò kọ̀, kò rọ̀ mọ́ nílùú, àwọn obìnrin kò bímọ, ilẹ̀ gbẹ. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí Ṣàngó wá mọ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́.

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí kò pariwo? Kí ló dé tí kò sọ pé òun ni?" Bàbá mi ní, "Ó mọ ẹni tó wá kí. Ó mọ̀ pé yóò wá."

Ọmọdé ni mí, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ iná ẹnu. Àná ni mo tún un rò níbi tí mo ti ń gé koríko tí kò hù.

Nítorí náà, kí Jagunlabí mú òrìṣà tó wù ú. Bó bá jẹ́ Ṣàngó náà ni, kò burú, tilé ẹni ni. Ṣùgbọ́n kọ èèwọ̀ rẹ̀ síwájú agbára rẹ̀, kí o sì fi ọ̀kan kún un nítorí tèmi, pé ẹni tó bá fẹ́ iná lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ilé ara rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, Àkànní. Bí àyè bá kù nídìí tábìlì yín, fi ẹnì kan kún eré náà fún mi. Baba arúgbó kan, ará Ẹdẹ. Kò ní ọrun, kò ní ajá, irun ojú rẹ̀ kò sì hù dáadáa mọ́. Ọbàtálá ló mú, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ó mọ èèwọ̀ rẹ̀. Kò ní fẹnu kan ẹmu mọ́, ìyá rẹ yóò bá ọ ṣọ́ ọ, torí ó mọ ibi tí arúgbó náà ń gbé ẹmu pamọ́ sí. Kò ní pariwo mọ́ ọmọ níta mọ́. Bí ọjọ́ ìdána bá pé, fi í síbi tó bá wù ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn Kọ́lá ni, kó jẹ́ ẹ̀yìn Kọ́lá. Kọ́lá ni kó sọ̀rọ̀, kí àwọn àna fi iye iṣu tó bá wù wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, arúgbó náà kò ní dá sí i. Kó ṣáà ti wà níbi tí ojú rẹ yóò ti bà á, kó má ṣe sí ìdí tí wàá fi máa wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ ti ń rán aṣọ funfun rẹ̀. Maṣínì rẹ̀ ni mò ń gbọ́ yìí.

Kí Láyọ̀ fún wa. Kí òtútù Jos má mú ọ jù, máa wọ súwẹ́tà tí ìyá rẹ hun. Kí Ọlọ́run tí mo ń sìn ṣọ́ ìwọ àti Jagunlabí àti ajá rẹ̀ nínú igbó tí ẹ ń rìn.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá sì bi ọ́ pé kí ni arúgbó yẹn lè ṣe, sọ fún wọn pé ó lè jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.